Ẹ tètè gbé tòlótòló kúrò nínú fírísà

Ẹ̀yin ará, a kú ìmúra Thanksgiving o, ọdún ìdúpẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ̀yin lẹ máa gba ẹbí lálejò lọ́dún yìí, tòlótòló ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Èyí tó bá wọn pọ́n-ùn 15 máa ń lo ọjọ́ 3 sí 4 kó tó yọ́ tán nínú fíríìjì. Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ ti gbé e wọ ibẹ̀, ẹ má dúró di alẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ gbé e sínú abọ́ jíjìn, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí omi ara rẹ̀ má bàa kán sórí ẹ̀fọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ síta mọ́jú. Inú rírun ló ń dá sílẹ̀.

Abẹ́ awọ ni kí ẹ ti fi bọ́tà, ata rodo, kọ́rì àti táìmù ra á. Ibẹ̀ ló ti máa wọ ẹran. Ẹ ki tẹmómítà bọ ibi tó nípọn jù ní itan, kó má kan egungun. Tó bá ti pé 165 lórí Fahrenheit, ó ti jinná.

Ẹ ti se mọ́ín-mọ́ín àti ọbẹ̀ ata ìrẹsì sílẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ní ti tábìlì, àdìrẹ kan àti elégédé kéékèèké ti tó. Kí òdòdó má ga débi tí ìyá àgbà ò ní rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní òdìkejì.

Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù, ẹ kó o sí fíríìjì kó tó lo wákàtí 2 níta.