Bọ́ílà Kú Lóru: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹni Tí Kò Ní Káàdì Àṣẹ Ṣí I

Òkun o, ẹ̀yin ọmọ ilé wa tó wà ní Ìlú Ọba, àti ẹ̀yin tó ń di ẹrù lọ́wọ́ báyìí ní Kábà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìyàrà.

Ilé ìyá mi ní Kábà ni mo wà tí mo fi ń kọ èyí. Mo wá ṣọdún ni. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí àná, ọyẹ́ ń fẹ́, mo ń wá ìbọ̀sẹ̀ nínú òkùnkùn, fóònù mi bá dún. Ọmọ àbúrò mi ni, láti Hull ní Ìlú Ọba. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ níbẹ̀.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo jí yín. Bọ́ílà wa ti kú. Inú ilé tutù bí inú fìríìjì. Ẹnìkan wà nínú gúrúùpù wa tó lóun lè tún un ṣe, ó ní ká kọ́kọ́ fi ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ránṣẹ́.”

Àyà mi já. Mo ní, “Ṣé o ti fi ránṣẹ́?” Ó ní rárá, òun ní kóun bi mí ná. Mo ní kó jókòó, kó má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí mo wá bá a sọ ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí ẹni tó bá ti wọ ilé kan ní Ìlú Ọba, bó pẹ́ bó yá, á bá bọ́ílà ní gbólóhùn asọ̀.

Kí n yára sọ èyí tó rọrùn. Bọ́ílà ni àpótí funfun tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ìdáná tàbí tí wọ́n fi pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Gáàsì ló fi ń se omi, omi gbígbóná náà á wá máa yí ká inú àwọn irin pẹlẹbẹ ara ògiri tí wọ́n ń pè ní rédíétọ̀. Tó bá kú, ẹ wò ó bóyá iná wà nínú ilé, kí ẹ sì wo súìṣì tirẹ̀ lára ògiri. Ẹni tó ń nulẹ̀ lè ti pa á láìmọ̀. Tó bá jẹ́ mítà tí ẹ ń ra káàdì sí lẹ ní, ẹ wò ó bóyá owó gáàsì ti tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ẹ wo tẹmọ́sítáàtì, ìyẹn nǹkan kékeré tí ẹ fi ń sọ fún un bí ilé ṣe máa móoru tó: bátìrì rẹ̀ lè ti kú, ẹlòmíì sì lè ti yí i wálẹ̀ sí 10. Ní ìparí oṣù Kẹta àti ìparí oṣù Kẹwàá tí wọ́n máa ń yí aago padà, aago inú rẹ̀ lè máà bá tiwa mu mọ́, kí ilé máa gbóná nígbà tí gbogbo yín wà níbi iṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ kan tún wà lójú bọ́ílà tó ń sọ bí omi inú rẹ̀ ṣe lágbára tó. Bí bọ́ílà bá tutù, ọ̀pọ̀ wọn ló yẹ kó wà láàárín 1 sí 1.5. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ gan-an, ó lè kọ̀ kó má tàn. Ẹ̀rọ́ wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń bu omi kún un, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì fi hàn yín rí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá máa ṣe é, kó ṣí i díẹ̀díẹ̀, kó má gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́, kó sì rántí tì í padà pátápátá. Tó bá fi lè dé 3, omi á máa tú síta láti ẹ̀yìn ilé.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló wá kan bọ́tìnnì ríséètì. Lára ọ̀pọ̀ bọ́ílà, àwòrán iná kékeré tí wọ́n fa ìlà dá lágbede ni àmì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò nọ́mbà tó ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ dúró. Tí kò bá tàn, ẹ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tó. Kì í ṣe okùn jẹnẹrétọ̀ tí èèyàn á máa fà títí yóò fi dún. Bọ́ílà tó bá ti ara rẹ̀ pa, nǹkan ló rí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa fi ipá sọ fún un pé kò rí nǹkan kan.

Tí òórùn gáàsì bá wà nínú ilé, ẹ má tẹ nǹkan kan rárá. Ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má ṣá ìṣáná. Ẹ ṣí fèrèsé. Tí ẹ bá mọ ibi tí ọwọ́ gáàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ẹ yí i kó dábùú páìpù. Ẹ jáde, ìta ni kí ẹ ti pe nọ́mbà pàjáwìrì gáàsì, 0800 111 999. Tọ̀sántòru ni wọ́n ń gbé e, wọn kì í sì gba owó.

Ó yá, ẹ gbọ́ tèmi.

Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni, ní Leeds. Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé: èmi, arábìnrin kan láti Ìyàrà, àti ọmọ Ghana kan tó ń kàwé. A jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, yìnyín ti bo gbogbo mọ́tò tó wà ládùúgbò, kò sí omi gbígbóná. Bọ́ílà ń dún gúlúgúlú bí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó ń fi omi fọ ẹnu. Mo tẹ ríséètì. Ó ní tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, ó kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí mi ò fi mọ iye rẹ̀ mọ́.

Ará Ìyàrà yẹn ní ká pe onílé. Èmi ni mo ní ká má pè é. Mo ti ṣe tíṣà ní Lọ́kọ́ja fún ọdún mẹ́fà, mo mọ onílé. Tí ìjì bá ṣí páànù, ìwọ ayálégbé lo máa wá káfíńtà. Tó o bá lọ pe onílé, o kàn rán an létí pé owó ilé rẹ kéré ni. Ọgbọ́n yẹn ni mo gbé lọ sí Leeds nínú ẹrù mi.

Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì júwe ọkùnrin kan fún mi. Ọmọ wa ni, ó gbọ́ èdè dáadáa, ó ń pè mí ní “ẹ̀gbọ́n mi”. £160, ó ní nítorí pé a jọ jẹ́ ọmọ ìyá ni. Ó gbé sukurúdíráfà wá, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó yọ ìdérí iwájú bọ́ílà, ó gbé e sórí síǹkì níbi tí abọ́ àárọ̀ wà, ó ń yí nǹkan nínú rẹ̀, ó ń kọrin. Mo dáná ìrẹsì fún un. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, oòrùn ti yọ síta, bọ́ílà bá tàn. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́! Mo tún fi ohùn ránṣẹ́ sínú gúrúùpù pé ẹni tí bọ́ílà bá ń dà láàmú, kó wá gba nọ́mbà.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni orí ti ń fọ́ mi. Mo lo Panadol, mo ní òtútù ni. Ará Ìyàrà ní èébì ń gbé òun. Láàárín òru, nǹkan kékeré funfun kan tí ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa fi sílẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù bá ń han goooro. Mo rò pé bátìrì rẹ̀ ló ń tán, mo tiẹ̀ gbé ìrọ̀rí lé e lórí. Ọmọ Ghana yẹn ló mọ ohun tó jẹ́. Ó pa bọ́ílà, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó lé wa síta pẹ̀lú sílípáàsì lórí yìnyín.

A pe nọ́mbà pàjáwìrì gáàsì yẹn. Ẹni tí wọ́n rán wá ti gáàsì pa pátápátá, ó so páálí pupa mọ́ bọ́ílà pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ó fi tọ́ọ̀ṣì hàn mí: rọ́bà tó yí etí ìdérí ká ti lọ́, ìdérí ò padé. Ó ní wọ́n tún ti yí ibi tó ń díwọ̀n gáàsì àti afẹ́fẹ́. Ó bi mí pé ta ló fọwọ́ kàn án. Mo wolẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ nǹkan yìí o. Ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ ni. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, tí ilẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni ò dìde nínú ilé yẹn, èéfín kan náà ni. Kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì ni wọ́n ń pè é. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Iná bọ́ílà tó yẹ kó búlúù tó wá pọ́n bí iná àtùpà, àbàwọ́n dúdú lára ìdérí, orí fífọ́ tó ń dín kù tí ẹ bá ti jáde síta: ẹ sá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, òfin ti mú onílé ní England pé kó fi àláàmù rẹ̀, irú nǹkan funfun tó han goooro yẹn, sí yàrá tí bọ́ílà bá wà. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ béèrè. Tó bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, ẹ ra tiyín ná.

Ní ọjọ́ kejì, onílé rán ẹnjiníà tirẹ̀. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo bọ́ílà, ẹ̀yìn ilé ló lọ tààrà. Ó fọwọ́ gbá páìpù pílásítíìkì funfun kan tó yọ lára ògiri, ó dún kọ̀ọ̀ bí igi. Bọ́ílà ìgbàlódé máa ń yọ omi díẹ̀díẹ̀ jáde láti inú èéfín rẹ̀, páìpù yẹn ló sì ń gbà. Tí òtútù bá mú gan-an, omi náà á di yìnyín, kò ní rí ọ̀nà lọ, á padà sínú bọ́ílà, òun ló ń dún gúlúgúlú. Ẹ rí i pé ọkùnrin olórin wa ò tún nǹkan kan ṣe. Oòrùn ọ̀sán ló yọ́ yìnyín. Ó gba £160 mi, ó jẹ ìrẹsì mi, ó sì ba bọ́ílà tí kò bàjẹ́ jẹ́.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ẹ máa dà sára páìpù yẹn, kì í ṣe omi tó ń hó, torí omi tó ń hó lè la pílásítíìkì. Ẹ dà á síbi tó ti tẹ̀ kọ́rọ́ àti ẹnu rẹ̀. Tó bá ga ju ibi tọ́wọ́ yín dé, ẹ má gun nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ríséètì lẹ́ẹ̀kan.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí nǹkan tí ọkùnrin yẹn bàjẹ́, £310 ni onílé yọ nínú owó tí mo fi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Mi ò lè bá a jà. Mo ti kọ́kọ́ mú ọwọ́ ara mi pe ẹni tí kò yẹ. Ká ní mo pe onílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òdo ni mo máa san! Ní England, òfin ọdún 1985 ti sọ pé onílé ló máa tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná àti omi gbígbóná ṣe, kì í ṣe ayálégbé. Ẹ kọ̀wé sí i, ẹ má kàn pè é lórí fóònù nìkan, kí ọjọ́ àti àkókò lè hàn níbẹ̀. Tó bá dákẹ́, káńsù wà. Kò ní tìtorí ẹ̀ sọ owó ilé di ìlọ́po méjì lọ́la, Lọ́kọ́ja kọ́ nìyẹn. Lọ́dọọdún ló tún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yẹ gáàsì ilé wò, kó sì fún yín ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀. Mi ò béèrè rí. Ṣé ẹ̀yin ti béèrè?

Káàdì àṣẹ wá ńkọ́? Gas Safe lórúkọ ìwé àṣẹ náà. Láti 2009 ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹni tí kò bá ní i, òfin ò gbà á láàyè láti gba iṣẹ́ bọ́ílà gáàsì, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín, ì báà jẹ́ pé òun ló ń kó yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo fọ́tò, ẹ wo ojú rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí. Kí ẹ sì yí i sẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n kọ irú iṣẹ́ tó lè ṣe sí. Ó lè ní àṣẹ sítóòfù kó má ní ti bọ́ílà. Ẹ pe àwọn Gas Safe ní 0800 408 5500, kí ẹ ka nọ́mbà ara káàdì rẹ̀ fún wọn. Tó bá bínú pé ẹ ò fọkàn tán òun, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ó nira fún wa. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé a kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó wá ràn wá lọ́wọ́. Ìwà ọmọlúwàbí yẹn ni wọ́n ń jẹ lára wa.

Ọmọ àbúrò mi ńkọ́? Mo ní kó lọ wo mítà gáàsì. Ó lọ, ó pẹ́, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó padà dé, kò lè sọ̀rọ̀ fún ẹ̀rín. Òdo ló wà lójú rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ló kàn láti ra káàdì ọ̀sẹ̀ yẹn, ó lọ ṣiṣẹ́ òru, ó gbàgbé. Ọgọ́rùn-ún pọ́ùn tí wọ́n fẹ́ san nìyẹn o.

Mo ní kó kọ nọ́mbà méjèèjì sórí bébà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà. Ó ní ó ti wà nínú fóònù òun. Mo bi í pé tó bá jẹ́ pé ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ yẹn nìkan ló wà nílé ńkọ́. Ní aago mẹ́wàá, ó fi fọ́tò ògiri ránṣẹ́ sí mi. Nọ́mbà kan ló kọ.