Bí A Ṣe Lè Fi Èèwọ̀ Gajah Mada Kọ́ Ọmọ Ilé Ìwé ní Ìtàn

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 nípa Gajah Mada, olórí ìjòyè ìjọba Majapahit àtijọ́ ní erékùṣù Java, ní Indonéṣíà òde òní, ní ìlú kan ní Èkìtì níbí, ọdún ni mo fi bẹ̀rẹ̀: mo kọ 1293 sójú pátákó, mo kọ 1364 tẹ̀ lé e, mo wá ń to orúkọ àwọn ọba sáàárín méjèèjì. Kí n tó kọ orúkọ ọba kẹta tán, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń tòògbé, ọ̀kan nínú àwọn tí ojú wọn ṣì là sì bi mí bóyá Majapahit wà ní Íńdíà. Èmi ni mo jẹ̀bi, wọn kò jẹ̀bi. Láti ìgbà náà, èèwọ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ ohun tí èèwọ̀ jẹ́, ìtàn ọkùnrin yìí sì dúró lórí ohun kan tó ní òun kò ní fi kan ẹnu.

Àkókò ẹ̀kọ́ méjì, ogójì ìṣẹ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó fún un. Kí olùkọ́ ti gé káàdì mẹ́wàá sílẹ̀ lára páálí, kí ó mú kànáfùrù díẹ̀ wá nínú bébà, kí ó sì wá àdìrẹ alábẹ́là kan àti aṣọ Ankara kan. Kànáfùrù tí ìyá àgbà ń fi sí eyín tó bá ń ro ọmọ, àwọn erékùṣù Maluku ní ìlà oòrùn Indonéṣíà ni igi rẹ̀ ti ṣẹ̀. Òun àti irú rẹ̀ ló sọ òkun agbègbè náà di ọ̀nà ọjà. Ní ti aṣọ, ìda ni àwọn ará Java ń fi ya àrà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláàdìrẹ tiwa ṣe ń ṣe alábẹ́là. Iṣẹ́ wọn yìí ni àwọn Òyìnbó Dutch fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n kó o wá sí ilẹ̀ wa, tó sì di ohun tí à ń pè ní Ankara. Kí àwọn ọmọ gbóòórùn kànáfùrù náà kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ Majapahit rárá.

Lẹ́yìn èyí ni kí a ya erékùṣù Java sójú pátákó, kí a fi àmì sí Trowulan ní apá ìlà oòrùn rẹ̀, níbi tí olú ìlú Majapahit wà. Ìtàn ìdásílẹ̀ ìjọba náà kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: ní 1293, Raden Wijaya lo àwọn ọmọ ogun tí Kublai Khan rán wá láti ilẹ̀ Ṣáínà láti fi ṣẹ́gun ọ̀tá rẹ̀, ó sì yíjú padà sí àwọn náà, ó lé wọn kúrò ní erékùṣù rẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in, kí ẹ sì kọjá.

Ibi tó yẹ kí a fìdí kalẹ̀ sí ni ààfin Ọbabìnrin Tribhuwana, ní nǹkan bí 1334. Gajah Mada, ẹni tí apá àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí erin, ṣẹ̀ṣẹ̀ di Mahapatih, ìyẹn olórí gbogbo ìjòyè. Ó dìde láàárín ìgbìmọ̀, ó ní òun kò ní tọ́ palapa wò títí òun yóò fi mú Nusantara, ìyẹn àwọn ilẹ̀ òkèèrè òkun, wá sábẹ́ Majapahit. Ó dárúkọ ibi mẹ́wàá: Gurun, Seran, Tanjung Pura, Haru, Pahang, Dompo, Bali, Sunda, Palembang àti Tumasik, èyí tó di Singapore òde òní. Orúkọ wọ̀nyí ni kí a kọ sára káàdì, kí ọmọ mẹ́wàá mú un dúró yí kíláàsì ká.

Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí palapa jẹ́; àwọn kan ní èròjà ọbẹ̀ ni, àwọn mìíràn ní ìsinmi àti fàájì ni. Èmi kì í dá ẹjọ́ náà. Ohun tí mo máa ń bi àwọn ọmọ ni pé kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lè sọ di èèwọ̀ fún ara rẹ̀ títí iṣẹ́ kan yóò fi parí. Ọmọkùnrin kan dìde nígbà kan, ó ní iyán. Kíláàsì hó yèè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà á ní ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní, “Jókòó jàre, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú ni wàá ti jẹ ẹ́.” Mo dúró kí ariwo náà rọlẹ̀, mo wá sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ìjòyè ẹlẹgbẹ́ Gajah Mada ṣe fi í rẹ́rìn-ín.

Wọn yóò fẹ́ mọ ohun tó mú kí ààfin fọkàn tán ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Kí a mú wọn padà sí 1319, nígbà tí ìjòyè kan, Ra Kuti, dìtẹ̀ mọ́ Ọba Jayanegara, tó jọba ṣáájú Tribhuwana. Gajah Mada, tó jẹ́ olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba tí wọ́n ń pè ní Bhayangkara, gbé ọba sá lọ sí abúlé Badander, òun fúnra rẹ̀ padà sí olú ìlú, ó sì sọ fún àwọn ènìyàn pé ọba ti kú. Nígbà tó rí i pé ẹkún ni wọ́n ń sun, ó mọ̀ pé ọkàn wọn kò sí lọ́dọ̀ Kuti, ó sì wá ọ̀nà dá ọba padà sórí ìtẹ́. Ṣé ọgbọ́n nìyí ni àbí ẹ̀tàn? Kí wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí olùkọ́ má sì dá sí i.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan dárúkọ Baṣọ̀run Gáà nínú iyàn náà. Àfiwé tó dára ni, ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà. Gáà ń rán ọba ní ikú títí Aláàfin Abíọ́dún fi ká a mọ́ ní 1774, nígbà tí Gajah Mada sin ọba mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn láìgba ìtẹ́ lọ́wọ́ èyíkéyìí. Kí olùkọ́ má sì tìtorí èyí sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ní 1328, Tanca oníṣègùn pa Jayanegara níbi tó ti ń tọ́jú rẹ̀, Gajah Mada sì pa Tanca lójú ẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò mọ́. Àwọn òpìtàn kan fura sí ìyára yìí, èmi náà sì rò pé ó tọ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ nípa ìfura náà.

Ọ̀rọ̀ Bubat ni kí a fi àkókò ẹ̀kọ́ kejì fún. Ní 1357, ọba Sunda, ìjọba kan ní apá ìwọ̀ oòrùn Java, mú ọmọbìnrin rẹ̀, Dyah Pitaloka, wá fún Hayam Wuruk, ọba Majapahit, láti fi ṣaya, wọ́n sì pàgọ́ sí Bubat. Gajah Mada ní kí wọ́n fà á kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹni tó wà lábẹ́ ń san fún ẹni tó wà lókè. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo máa ń kọ sójú pátákó níbí: ìyàwó, ìṣákọ́lẹ̀. Mo wá máa ń ní kí wọ́n ro ó wò bí ẹbí ìyàwó bá dé pẹ̀lú orin àti ìlù, tí alága ìjókòó sì kọ̀ láti kí wọn ní àna, tó ní ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n gbé wá. Ọmọ Èkìtì tó ti gbọ́ ìtàn àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn àti ogun Kírìjì, tí ìlú rẹ̀ sì ní ọba aládé tirẹ̀, kò nílò àlàyé gígùn lórí ìdí tí ọba Sunda fi yan ogun. Ó kú níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, ìtàn sì ní ọmọbìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Mo rọ olùkọ́ kí ó má fi èyí ṣe eré láé. Kí ó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, pàápàá fún àwọn ọmọ kéékèèké.

Níbí ni ẹ̀kọ́ náà ti dùn jù fún mi. Mpu Prapanca, ẹni tó parí ewì Nagarakretagama ní 1365, tí ọ̀rọ̀ náà sì ṣẹlẹ̀ lójú ayé rẹ̀, kò dárúkọ Bubat rárá. Pararaton, ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn rẹ̀, ló sọ ọ́. Kí a bi àwọn ọmọ pé èwo ni wọn yóò gbà gbọ́, ẹni tó wà láyé nígbà náà tó dákẹ́, tàbí ẹni tó dé lẹ́yìn tó ń sọ̀rọ̀. Kí a rán wọn létí pé ewì ìyìn ọba ni iṣẹ́ Prapanca, bí oríkì. (Oríkì tiwa tilẹ̀ máa ń gba ibì kan bu ẹni tó ń kì, Prapanca kò dán an wò.) Fún iṣẹ́ àmúrelé, kí wọ́n kọ ojú ìwé kan gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ Sunda kan tó sá àsálà délé, kí a sì fún ẹni tó lo ẹ̀rí dáadáa ní máàkì ju ẹni tó fi ẹkún kún ìwé lọ.

Kí kíláàsì tó parí, kí àwọn ọmọ tó mú káàdì tún dìde. Kí Bali kọ́kọ́ jókòó, nítorí ní 1343 ni Majapahit ṣẹ́gun rẹ̀. Kí àwọn mìíràn tí Prapanca kà mọ́ ilẹ̀ tó ń wojú Majapahit náà jókòó, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kíka ilẹ̀ sínú ewì kò fi hàn pé ọmọ ogun ti tẹ ibẹ̀. Ẹni tó mú káàdì Sunda nìkan ni yóò kù ní ìdúró, nítorí kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà, ìjọba rẹ̀ sì wà títí di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nígbà náà ni kí olùkọ́ na kànáfùrù kan sókè, kí ó bi wọ́n bóyá Gajah Mada, tó kú ní 1364, ní ẹ̀tọ́ láti fi í kan ẹnu.