Pódíọ̀mù ₦85,000 tí n kò lò lọ́jọ́ Àìkú Àwọn Ìyá

₦85,000 ni mo ná sórí pódíọ̀mù kan ṣoṣo, ìyẹn ìdúró onígi tí olùsọ̀rọ̀ ń gbé ìwé lé, lọ́dún yìí, n kò sì tíì ka owó ọkọ̀ Micra tí mo ń wọ̀ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà mọ́ ọn. Ogún ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fún mi láti fi sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. Títí di òní, n kò tíì gbé Bíbélì lé pódíọ̀mù yẹn nínú ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí ẹni tí wọ́n bá ní kó wá sọ̀rọ̀ nílé Ọlọ́run má baà kó owó oúnjẹ lé igi lórí bíi tèmi.

Ẹgbẹ́ Ìyá ló yàn mí pé èmi ni n ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú Àwọn Ìyá, ìyẹn ọjọ́ Àìkú kẹrin nínú Lẹ́ǹtì. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkáànì àtijọ́ ni tiwa, ní apá Òkè-Àdó n'Ìbàdàn níbí. Àga ìwàásù wà lápá kan, àtẹ̀gùn mẹ́rin lèèyàn máa gùn kó tó débẹ̀, àwọn àlùfáà ló sì ń gùn ún. Lápá kejì ni tábìlì ìkàwé wà, èyí tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ idì sí, tó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí Bíbélì lè jókòó lé e lẹ́yìn. Idì ni àmì Jòhánù oníhìnrere, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkáànì. Ó rẹwà, mo fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni gíga ni wọ́n ṣe é fún. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 1 ni mí. Nígbà tí mo ka ẹ̀kọ́ kejì níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, màmá àgbà kan dì mí lọ́wọ́ mú nígbà tí a jáde, ó ní, "Ohùn rẹ la gbọ́ o, ọmọ mi. Orí gèlè rẹ nìkan la rí." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Mo béèrè lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta bóyá kí n dúró sídìí nǹkan tàbí kí n má dúró. Bàbá Ìjọ ní ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nílé Ọlọ́run láìdúró sídìí nǹkan, bí ẹni tó ń polówó ọjà ló rí. Ọmọ mi obìnrin, tó ń lọ sí ìjọ tuntun kan ní Bódìjà, ní ní tiwọn, pásítọ̀ kì í dúró sójú kan; maíìkì wà létí rẹ̀, ó ń rìn láàárín èrò, pé pódíọ̀mù ń dí ojú olùsọ̀rọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbọ́ ọ. Bàbá Àlùfáà wa ní tiwọn kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní kí n lọ ka Nehemáyà orí 8 àti Lúùkù orí 4.

Mo kà á lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní Nehemáyà, Ẹ́sírà dúró lórí ibi gíga onígi tí wọ́n kàn nítorí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo èèyàn sì ń rí i bó ṣe ṣí ìwé òfin. Ní Lúùkù, Jésù dìde dúró láti ka ìwé wòlíì Àìsáyà, ó pa ìwé náà dé, ó dá a padà fún ìránṣẹ́, ó jókòó, lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣí orí tó tẹ̀ lé e, inú ọkọ̀ ojú omi ló jókòó sí tó ti ń kọ́ èrò tó wà létí adágún. Ọ̀kan ga, ọ̀kan jókòó, ọ̀kan wà lórí omi. Kí àwọn èèyàn sáà lè rí i, kí wọ́n sì gbọ́ ọ. Ó yẹ kí n ti rí i níbẹ̀. Ti Ẹ́sírà nìkan ni mo mú, torí igi tí wọ́n kàn ló wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀. Mo ní Bíbélì ti tì mí lẹ́yìn, màá kan pódíọ̀mù tó bá ara mi mu, bí mo bá lò ó tán, màá fi ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ.

Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ fi àkókò yín ṣòfò lé lórí. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí káfíńtà.

Mo wọn ara mi nílé kí n tó lọ. Mo wọ bàtà tí màá wọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, mo ká apá mi bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìwé, ọmọ mi sì fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ mi: ínǹṣì 39. Mo kọ ọ́ sínú bébà pé iwájú kó jẹ́ 39, ẹ̀yìn rẹ̀ kó fi díẹ̀ ga jù ú lọ kí ojú ìwé lè kọjú sí mi, kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nísàlẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí bébà yọ̀ ṣubú. Mo gbé e lọ fún káfíńtà kan tí wọ́n júwe fún mi nítòsí Bẹẹrẹ. Ó kà á sókè létí mi. Ó ní, "Màámi, ọjọ́ mẹ́rin ni, ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Mo san ₦60,000 sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin pé, ó ní kò síná tí wọ́n máa fi bó pákó. Ọjọ́ keje, ó ní pákó afàrá tí òun rà ní Bódìjà ṣì tutù, pé òun gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, n kò bá a jà lórí ìyẹn. Pákó tútù tí wọ́n bá kàn, bó bá gbẹ, á sún kì, ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ á sì là. Àmọ́ kí ló dé tí kò ra èyí tó ti gbẹ, nígbà tó mọ̀ pé ọjọ́ iṣẹ́ náà kò ní í yẹ̀? Ọjọ́ kẹwàá, ó ní òun wà níbi ìsìnkú ní Ìṣẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù mọ́. Bí mo bá fi nọ́ńbà ọmọ mi pè é, á gbé e. Bó bá ti gbọ́ ohùn mi, á ní "Màámi, mo ń bọ̀ wá pè yín," ó parí.

Mo wá lọ bá a lójijì lọ́jọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo bá, ó ń jẹ ẹ̀wà. Pákó méjì ló dúró ti ògiri, wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù fàlà sí wọn, wọn ò tíì gé wọn. Mo wo orí tábìlì iṣẹ́ wọn, mo sì rí bébà mi. Wọ́n ti gbé agolo gọ́ọ̀mù lé e. Mo gbé agolo náà sókè. Ìdí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ bébà, ó sì fi òbìrìkítí aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ sórí ibi tí mo kọ 39 sí gan-an. Ẹ ò lè kà á mọ́. "Gíga níwájú, ínǹṣì" ni gbogbo ohun tó kù. Mo tún un kọ pẹ̀lú báírò fún ọmọ iṣẹ́ náà, mo ní kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà." Inú bí mi débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Mápó kí n tó rántí wọ ọkọ̀.

Ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ kan péré ku kí n sọ̀rọ̀, Micra kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Búùtù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n fi okùn dè é, pódíọ̀mù mi ló yọrí níbẹ̀. Dírébà ń fọn fèrè, ó ní òun ń lọ sí Ìwó Ròòdù, káfíńtà ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ san ₦25,000 tó kù kí òun lè san owó ọkọ̀. Mo san án. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má san án. Ẹ gbé nǹkan náà kalẹ̀, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò. Ìgbà tí ọkọ̀ lọ tán ni mo tó dúró sídìí rẹ̀: ínǹṣì 46. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "Màámi, bí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń lò ó nìyẹn." Fánìṣì orí rẹ̀ kò sì tíì gbẹ. Mo gbé bébà kan lé e láti fi dán an wò, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ojú ìwé ya nígbà tí mo fà á.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò ní í fi bò. Bàbá àwọn ọmọ mi ló ní kí a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ká lọ wo bí a ṣe máa wá àpótí tí màá gùn nídìí idì yẹn.

Àwọn akọrin ń ṣe ìdánrawò nígbà tí a débẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ bééṣì gbọ́ ohun tí à ń sọ, ó wọlé lọ, ó gbé ìdúró onírin tí wọ́n fi ń gbé ìwé orin lé jáde, ó tú ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rọ̀ ọ́ wálẹ̀, ó tún un dì. "Ẹ dúró síbẹ̀, Mọ́mì." Mo dúró síbẹ̀. Ó bá ìgbọ̀nwọ́ mi mu rẹ́gí. Mẹ́fà irú rẹ̀ ló wà nínú yàrá akọrin láti ọjọ́ yìí, n kò sì san kọ́bọ̀.

A dán gbogbo rẹ̀ wò lálẹ́ yẹn. Fáànù òkè ń fẹ́ bébà mi, ni mo bá fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ méjì há a mọ́ irin náà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo lò, ojú kan ṣoṣo ni mo kọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà ńláńlá, mo sì fi nọ́ńbà sí i. Ẹ má fi fóònù ka ọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. Ẹnìkan á pè yín. Ẹ má sì gbá orí ohun tí maíìkì wà lára rẹ̀, ìró rẹ̀ á dún bí ìlù nínú ẹ̀rọ. Maíìkì kó jìnnà sẹ́nu níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ sì dúró sẹ́yìn àwọn spíkà tí ohùn ń gbà jáde, kì í ṣe síwájú wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ á máa hu.

Lọ́jọ́ Àìkú, n kò tíì sọ̀rọ̀ ju bí ìṣẹ́jú méje lọ tí iná fi lọ. Fáànù dúró, maíìkì kú, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kò tètè jí. Bí ó bá jẹ́ pé ìdí pódíọ̀mù ínǹṣì 46 ni mo wà, ẹ̀yìn igi ni ǹ bá dúró sí tí màá máa pariwo. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò dí mi lọ́nà. Mo fi ìwé mi sílẹ̀ níbẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ wá sáàárín ìjókòó ìlà kejì, mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Kókó mẹ́ta ni mo ní, mo ti mọ̀ wọ́n sórí láti ọjọ́ kẹta. Mo rí ojú àwọn èèyàn. Mo rí ìyá kan tó fi ìborùn nu ojú nígbà tí mo dárúkọ àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò sí nílé. Nígbà tí iná dé, mo padà sídìí ìwé mi fún ẹsẹ̀ Bíbélì tó kẹ́yìn, torí n kò fẹ́ ṣì í kà. Màmá àgbà ọjọ́sí dúró dè mí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Tòní, a rí ẹ."

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí bóyá kéèyàn lo pódíọ̀mù, màá ní kó lò ó bó bá ní ìwé tó fẹ́ kà, kó má sì jẹ́ ohun tí kò lè fi sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àlùfáà ibi tí àṣà ìjọ gba ẹni tí kì í ṣe àlùfáà láyè láti dúró sí. Kó lọ wo yàrá akọrin kó tó lọ wo ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. N kò bá Bàbá Ìjọ jiyàn, n kò sì bá ọmọ mi jiyàn. Àwọn méjèèjì tọ̀nà lọ́jọ́ kan náà yẹn.

Pódíọ̀mù mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Káfíńtà ti ṣèlérí lẹ́ẹ̀mẹta pé òun máa wá gé e kù. Ẹni tí wọ́n yàn fún ọdún tó ń bọ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá láti yá a, ó ga jù mí lọ dáadáa. Mo ní kó lọ wọ bàtà tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà wá, ká wọn ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ná.