Bẹ́ ẹ ṣe lè tọ́jú odò àti òkun láì ti ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ sẹ́yìn

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa ní kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ òkun, ṣebí àpáta la ní níbí. Ẹ lọ dúró lórí afárá Láfẹ́nwá tójò ńlá bá dá tán kẹ́ ẹ wo nǹkan tí Odò Ògùn ń gbé lọ, lailọn, ike, gbogbo pàǹtí tó ti inú gọ́tà bọ́ sí odò Sokorí tí Sokorí wá gbé fún un, ọ̀sà Èkó ló ń kó o lọ, àtibẹ̀ ló ń bọ́ sókun.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kóra jọ tún omi yìí ṣe, ẹ má tíì tẹ T-shirt o, ẹ má tíì kọ lẹ́tà sẹ́nikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ rìn létí odò láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ mọ àwọn tómi yẹn ń bọ́: apẹja, àwọn tó ń wa yanrìn, àwọn ìyá tó ń yan ẹja tà, àwọn aládìrẹ Ìtòkú, àwọn olùsìn Yemọja náà. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé torí wọ́n rò pé iṣẹ́ ọkùnrin lẹja pípa, bẹ́ẹ̀ létíkun wa lọ́pọ̀ ibi, obìnrin ló ń yá apẹja lówó àwọ̀n àti epo ẹ́ńjìnnì.

Ẹ bi wọ́n ní àsìkò tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Mo ti jókòó ní mítìn kan rí, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, òyìnbó ni wọ́n ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bàbá apẹja kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń bi mí pé "ọmọ mi, kí ni wọ́n ń wí?", kí n tó ṣàlàyé tán wọ́n ti nawọ́ sókè, wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju àwọ̀n mọ́ níbi tí bàbá yẹn ti ń pẹja. Bàbá dé fìlà, wọ́n jáde, wọn ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Yorùbá ni kẹ́ ẹ sọ, tí Ẹ̀gùn bá wà níbẹ̀ ẹ wá ẹni tó máa túmọ̀, kẹ́ ẹ sì fún wọn lówó ọjọ́ tí wọn ò fi ṣiṣẹ́.

Tó bá kan pé kí wọ́n sinmi ẹja pípa fúngbà díẹ̀ kẹ́ja lè ráyè bí sí i, ẹ wo Gánà. Ní 2018 ìjọba ní kí wọ́n dáwọ́ dúró lóṣù kẹjọ, àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké fárí gá, torí àsìkò yẹn gan-an lẹja ń pọ̀, ìjọba sún un síwájú, nígbà tó di 2019 wọ́n gbé e sáàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà. Apẹja mọ ìgbà tẹ́ja ń wá ju ẹni tó wà ní ọ́fíìsì lọ. Kí ìnira náà kárí o: òfin Nàìjíríà ní ọkọ̀ ńlá afàwọ̀n-wọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ pẹja láàárín máìlì orí omi márùn-ún sétí òkun, torí ibẹ̀ ni tàwọn apẹja kéékèèké. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń tẹ̀lé ìyẹn ná kẹ́ ẹ tó lọ ká ọlọ́kọ̀ kékeré mọ́.

Bákan náà, tẹ́ ẹ bá ní káwọn aládìrẹ má da omi aró sí gọ́tà mọ́, ẹ sọ ibi tí wọ́n máa dà á sí àtẹni tó máa sanwó ẹ̀.

Ẹ kọ àdéhùn náà lédè Yorùbá, kẹ́ ẹ kà á sókè sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè sí i tí nǹkan bá yí, kẹ́ni náà sì máa gbé fóònù ẹ̀.