Ológbò yín jẹ eku tó pa níta? Ohun tẹ́ẹ máa ṣe rèé

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ní ológbò, mo mọ̀ pé inú yín máa ń dùn tó bá gbé eku wálé, àmọ́ eku tọ́wọ́ ẹ̀ máa ń tètè tẹ̀ jù ni èyí tára ẹ̀ ò yá tàbí èyí tó ti jẹ májèlé, torí kò lè sáré mọ́.

Májèlé yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Èyí táwọn èèyàn ń lò jù kì í pa eku lójú ẹsẹ̀, ńṣe ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, eku á ṣì máa rìn kiri fún ọjọ́ mélòó kan, tí ológbò bá wá gbé e jẹ, májèlé ti wọnú tiẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ má sọ pé ó ṣáà ń jẹun ó ń ṣeré, ó lè tó ọjọ́ 2 sí 5 kó tó hàn. Ẹ la ẹnu ẹ̀ wò, tí erìgì ẹ̀ bá ti funfun, tó ń mí gúlegúle, tẹ́ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nímú ẹ̀ tàbí nínú ìgbẹ́ ẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dúró dọ̀la. Fítámì K1 ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tẹ́ẹ bá rí páálí májèlé yẹn ẹ mú un dání, torí irú míì wà tí fítámì yẹn ò ràn rárá. Ẹ má fún un níyọ̀ kó lè bì o, iyọ̀ yẹn gan-an lè pa á.

Aràn ò le tó yẹn. Tẹ́ẹ bá rí nǹkan bíi hóró ìrẹsì lábẹ́ ìrù ẹ̀, aràn pẹlẹbẹ ni, oògùn tí wọ́n ń pè ní praziquantel ló ń pa á, dókítà ló máa sọ ìwọ̀n ẹ̀. Ológbò tó bá ń dọdẹ á tún kó o, torí náà ó kéré tán ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún.

Ẹyẹ lè kó kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Salmonella ràn án, á ní ibà, á máa bì, á máa yàgbẹ́ gbuuru. Àrùn H5N1 tó ń pa ẹyẹ náà ti pa ológbò, tẹ́ẹ bá ń rí òkú ẹyẹ káàkiri ẹ tì í mọ́lé.

Fún ẹ̀yin fúnra yín, kòkòrò àrùn Toxoplasma tó ń kó lára eku máa ń wà nínú ìgbẹ́ ológbò, àmọ́ ìgbẹ́ tuntun kì í tíì ràn, ó máa ń tó ọjọ́ 1 ó kéré tán, torí ẹ̀ lẹ ṣe gbọ́dọ̀ máa kó o dànù lójoojúmọ́, kí aboyún má fọwọ́ kàn án.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ kí ọdẹ yẹn dínkù, ẹ fún un lóúnjẹ tí ẹran pọ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ẹ sì bá a ṣeré bíi ìṣẹ́jú 5 sí 10 lójúmọ́. Yunifásítì Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣèwádìí ẹ̀, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2021, oúnjẹ ẹlẹ́ran dín ohun tí wọ́n ń pa wálé kù ní 36%, eré dín in kù ní 25%, agogo ọrùn ní tiẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Tí májèlé eku bá wà nílé yín, ẹ kó o kúrò, ẹ lo pańpẹ́, kẹ́ẹ sì bẹ àwọn aládùúgbò náà kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.