Bí A Ṣe Ń Yí Ohùn Tọ́bò Padà Láìba Ẹ́ńjìnnì Jẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra mọ́tò tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tí ń ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, ló fẹ́ kí ó máa mí "pìṣì" nígbàkígbà tí àwọn bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ohùn náà kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti ń jáde.

Èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú síta ni ó ń yí tọ́bò, ọ̀pá inú rẹ̀ sì lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Lórí ọ̀pá kan náà ni abẹ̀bẹ̀ tí ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì wà. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójijì, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì yóò pa dé, afẹ́fẹ́ tí ó ti há sínú páìpù kò sì ní rí ọ̀nà lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi fáàfù kan sí ojú páìpù náà láti ilé iṣẹ́, kí ó máa dá afẹ́fẹ́ padà sí ẹnu tọ́bò wọ́ọ́rọ́wọ́. Fáàfù aláriwo tí wọ́n ń tà ní ọjà kì í dá a padà ní tirẹ̀, ìta gbangba ni ó ń tú u sí.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, kí ẹ sì fi ojú tọ páìpù tó jáde láti inú àpótí fílítà afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí ike dúdú kékeré kan tí bóòtù méjì dè mọ́ ọn, tí wáyà sì wọ inú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní MAF, irú èyí tó wà lára mọ́tò Subaru WRX. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, kí bréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, lè fún un ní epo tó bá a mu. Bí fáàfù bá wá tú afẹ́fẹ́ tí a ti wọ̀n sílẹ̀ dànù, epo rẹ̀ ṣì máa wọlé, kò sì ní rí afẹ́fẹ́ tí yóò bá jó. Ẹ óò rí èéfín dúdú, mọ́tò lè máa já tàbí kí ó kú nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, pọ́lọ́ọ̀gì yóò dúdú, kátálíìsì tó ń fọ èéfín mọ́ lè gbóná kọjá ààlà, iná ẹ́ńjìnnì sì lè tàn pẹ̀lú kóòdù P0172, tó túmọ̀ sí pé epo pọ̀ jù. Mọ́tò tí kò ní MAF, tó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ṣe ń tẹ̀ tó ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń wò, kì í ní ìṣòro yìí.

Ní ti àwọn mọ́tò tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ń pa dé bí a bá gbé ẹsẹ̀, nítorí náà fáàfù oníná tí wọ́n ń tà fún wọn, ariwo lásán ni.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, màá fi fáàfù ilé iṣẹ́ sílẹ̀, màá sì pààrọ̀ àpótí fílítà sí èyí tó ṣí díẹ̀, nítorí a óò máa gbọ́ ìfé tọ́bò àti ìmí rẹ̀ láìsí pé afẹ́fẹ́ kankan sọnù. Ẹ rí i pé irin wà láàárín rẹ̀ àti ooru ẹ́ńjìnnì, kí ẹ má sì rọ ọ́ìlì jù sí fílítà tí a ń fọ̀, torí ó lè bo MAF.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ fáàfù aláriwo, kí ó fi aṣọ dí ẹnu páìpù bí ó bá ti tú u, kí bóòtù má baà já sínú. Kí họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti ara ẹ́ńjìnnì wá dá dúró fún fáàfù náà nìkan. Ihò tí fáàfù àtijọ́ ń gbà dá afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn fílítà ni wọ́n máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni eruku ọyẹ́ máa gbà wọlé tààrà. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ọ̀rá dí, tí tọ́bò sì fa ọ̀rá náà mì. Ìdérí rọ́bà tó le, tí a fi irin dè, ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn náà, ẹ tan mọ́tò láìtẹ iná, kí ẹ sì mú bébà pélébé kan sún mọ́ ẹnu fáàfù. Bí ó bá fa bébà náà mọ́ra, sípíríìnì rẹ̀ ti rọ̀ jù, ó sì ń mu afẹ́fẹ́ tí kò gba inú fílítà. Ẹ fún un le díẹ̀, kí ẹ tún dán an wò.

Àwọn kan a máa dí fáàfù pa pátápátá kí ó lè máa dún "tù-tù-tù". Afẹ́fẹ́ tó ń padà lu abẹ̀bẹ̀ ni ẹ ń gbọ́ yẹn, bíárín tọ́bò, ibi tí ọ̀pá rẹ̀ ti ń yí, ni ó sì ń jìyà rẹ̀. N kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe é. Fèrè tí wọ́n ń kì bọ ẹnu sáléńsà kò kan tọ́bò rárá, ẹ sá ti dè é dáadáa kí ó má fò lu ẹni tó wà lẹ́yìn.

Bí ohùn tí ẹ kò fi ọwọ́ ara yín fi síbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi sáírìnì, tàbí tí èéfín aláwọ̀ búlúù ń jáde, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì fi ìka mi ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ náà. Ó lè mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ń lọ síwá-sẹ́yìn tí ọwọ́ yín sì mọ̀ ọ́n, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ ti ń ha ara ilé rẹ̀, ẹ má tan mọ́tò náà mọ́ títí wọn yóò fi tú tọ́bò náà wò.