Bí Mo Ṣe Ka Ìlù Ọkàn Ìyá Àgbà ní Mọ́kọ́lá

Rédíò ni mo kọ́kọ́ pa, mo pa fáànù tẹ̀lé e. Mo ti fèrèsé tó kọjú sí títì, torí ariwo ọkọ̀ Mọ́kọ́lá kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa, áńbọ̀sìbọ́sí ohun tó ń dún nínú àyà. Ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé ni, wọ́n sì gun àtẹ̀gùn wọlé. Mo ní kí wọ́n sinmi ná. Ìṣẹ́jú 10 la fi sọ̀rọ̀ ata tó gbówó lórí. Ọkàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè máa ń sáré. Ká ní mo kà á nígbà náà, irọ́ ni ǹ bá kọ sílẹ̀.

Stethoscope, irinṣẹ́ tí a fi ń gbọ́ ìlù ọkàn, ni mo lò. Orí rẹ̀ tí a ń kì bọ etí gbọ́dọ̀ kọjú síwájú, sọ́nà imú. Mo fi ìka kan apá tó tẹ́ pẹrẹsẹ láti mọ̀ pé ó ń gbọ́ràn, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mú títí ó fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Irin tútù kò yẹ àyà àgbàlagbà.

Mo tilẹ̀kùn. Lábẹ́ ọmú òsì, láàárín eegun ìhà karùn-ún àti ìkẹfà, ni ọkàn ti ń dún ketekete jù, ara lásán la sì ń gbé e lé, kì í ṣe orí aṣọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọmú òsì sókè díẹ̀." Àwọn fúnra wọn gbé e, wọ́n fi ìborùn bo ọ̀tún. Irú ìtìjú yìí ló bí irinṣẹ́ náà. Ní 1816, ní Paris, dókítà René Laennec kò fẹ́ gbé etí lé àyà obìnrin kan. Ó ká bébà bíi fèrè, ó sì gbọ́ ọkàn rẹ̀ ju bí etí lásán ṣe ń gbọ́ ọ lọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, 152 ni mo kà. Àyà mi já. Àṣé mo ń ka gbì àti gbì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ìlù kan ṣoṣo ni gbì-gbì. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní, "Kí ló ń sọ?" Ohùn wọn sán létí mi bí àrá, òǹkà fò lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré.

Ìṣẹ́jú kan gbáko ni mo fi kà á, mo tẹjú mọ́ aago fóònù. Àwọn kan máa ń ka ìṣẹ́jú-àáyá 15, wọ́n á sọ ọ́ dọ̀nà mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí ọkàn bá ń fo ìlù, ìyẹn lè má hàn. Ti Ìyá ń lọ déédéé: 78. Àgbàlagbà tó bá sinmi, 60 sí 100 là ń retí.

Mo kọ 78 sínú ìwé tí wọ́n ń gbé lọ sí klíníìkì, mo kọ déètì àti aago, mo sì kọ ọ́ pé wọ́n ti sinmi kí n tó kà á. Mo wá tan fáànù padà fún wọn.